Olíkóyè Ransome-Kútì: dókítà tó ní kí ìwòsàn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ láti ilé

Ìyá tó bá ti gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rí ní Festac, ní Agbójú, ní Kirikiri tàbí ní Satellite Town mọ bí nǹkan ṣe máa ń lọ. Àwọn ìyálọ́mọ á jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́, nọ́ọ̀sì á dá orin, wọ́n á gbè é. Wọ́n á gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n á kán oògùn rọpárọsẹ̀ sí i lẹ́nu, wọ́n á sì kọ ọjọ́ tí yóò padà wá sínú káàdì. Ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ náà. Abiyamọ òde òní lè rò pé bó ṣe wà láti ọjọ́ aláyé ti dáyé nìyẹn, ṣùgbọ́n ìyá ìyá rẹ̀ mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà kan wà tí ìta, ìgbẹ́ gbuuru àti ibà ń pa ọmọdé débi pé kì í ṣe ohun àjèjì kí obìnrin bí ọmọ mẹ́jọ kí wọ́n má sì ju márùn-ún lọ tí yóò dàgbà. Àwọn tó kú léraléra, àbíkú la ń pè wọ́n.

Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ jù lọ láti yí ọ̀rọ̀ yẹn padà ní orílẹ̀-èdè yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì ni. Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè, ẹ jẹ́ ká tètè sọ ọ́ pé kì í ṣe Mùsùlùmí. Ọmọ àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni, bàbá bàbá rẹ̀ náà sì jẹ́ àlùfáà ìjọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó di mínísítà fún ètò ìlera, ọmọ Àlàájì àti ọmọ Ẹ̀fáńjẹ́líìsì ló jọ tò sórí bẹ́ǹṣì kan náà láti gba abẹ́rẹ́, Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sì kọ́ wa láti máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣe wá lóore. Ohun mìíràn tún wà. Àríyànjiyàn kan wáyé láàárín ìjọba rẹ̀ àti ọ̀pọ̀ nínú àwa Mùsùlùmí, a ó sì dé ibẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 30 oṣù December ọdún 1927, ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta ló gbé dàgbà. Bàbá rẹ̀, Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, ni ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ Abẹ́òkúta Grammar School, òun náà sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ní Nàìjíríà. Ìyá rẹ̀ ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, obìnrin tó kó àwọn ìyálọ́jà Abẹ́òkúta jọ tí wọ́n fi owó orí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ obìnrin ja ìjà tó lé Aláké kúrò lórí ìtẹ́ ní oṣù January 1949. Àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni Fẹlá olórin àti Bẹ́kọ̀ọ́ tí òun náà di dókítà. Nínú ilé yẹn, kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Olíkóyè ló jẹ́jẹ́ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n bí a bá wo iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, a ó rí i pé ọmọ ìyá rẹ̀ ni lóòótọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin tí ìjọba kì í kà sí nǹkan kan ni òun náà gbé ọ̀rọ̀ lọ.

Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Trinity College ní ìlú Dublin, ní ilẹ̀ Ireland, láti 1948 títí di 1954. Ó ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ní Èkó, ó sì tún lọ kọ́ ìmọ̀ ìtọ́jú ọmọdé sí i ní London. Nígbà tó di 1967, ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó. Kò pẹ́ tí wọ́n fi í ṣe olórí ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé níbẹ̀, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ilé ìwòsàn ńlá ti Ìdí-Àràbà tí gbogbo wa mọ̀ sí LUTH ni wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí àìsàn wọn bá ti le.

Ìwádìí kan wà tó bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Amẹ́ríkà ṣe nígbà náà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Wọ́n fẹ́ mọ ìdí tí wàrà fi máa ń da inú àwọn kan rú tí kì í sì í ṣe àwọn mìíràn ní nǹkan kan. Wọ́n yẹ àwọn Yorùbá, àwọn Ìgbò, àwọn Haúsá àti àwọn Fúlàní wò, èsì rẹ̀ sì jáde ní 1971. Wọ́n rí i pé àwọn Fúlàní darandaran tí ń mu wàrà láti ìran dé ìran lè jẹ ṣúgà inú wàrà kó dà nínú wọn, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú àgbàlagbà Yorùbá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọwọ́ Yorùbá lè ṣe é nígbà tó ń mu ọmú. Bó bá ti já lẹ́nu ọmú tó sì ń dàgbà, agbára náà á máa dín kù. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà láàárín àwọn ẹbí fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e kiri, láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá. Nítorí náà, bí inú bá ń run yín lẹ́yìn tí ẹ bá mu ife mílíìkì kan, kì í ṣe ọwọ́ ayé.

Ohun tó jẹ ẹ́ lógún ju ìyẹn lọ ni àwọn ọmọ tó ń kú. Bí ènìyàn bá jókòó sí yàrá pàjáwìrì àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn ńlá fún ọdún díẹ̀, yóò rí i pé àìsàn tó ń gbé wọn wá kò ju márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ: ìgbẹ́ gbuuru, ìta, ibà, òtútù àyà, ipá tó ń mú ọmọ tuntun láti ojú ìwọ́ tí wọ́n fi irin ẹlẹ́gbin gé, àti àìjẹunre-kánú. Dókítà á tọ́jú ọmọ, ara rẹ̀ á yá, á padà sílé sídìí omi tó kọ́kọ́ kó àìsàn ràn án. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n tún ti gbé e dé, tàbí kí ó ti kú lọ́nà. Olíkóyè parí èrò rẹ̀ síbì kan, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́ títí tó fi kú: ilé ìwòsàn ńlá kọ́ ni wọ́n ti ń gba ẹ̀mí ọmọdé là. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni, àti ilé ìwòsàn kékeré tí ìyá lè fẹsẹ̀ rìn dé.

Èrò yìí kò dùn mọ́ gbogbo àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú. Ilé ìwòsàn ńlá ní iyì, ó ní ẹ̀rọ, ó ní owó. Ta ló fẹ́ kàwé títí dé London kó wá máa kọ́ obìnrin bí wọ́n ṣe ń po iyọ̀ àti ṣúgà? Ṣùgbọ́n ní òpópónà Gbájà ní Sùúrùlérè, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ ìlera ọmọdé ti Yunifásítì Èkó ní ilé ìwòsàn sí, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi han ayé pé nọ́ọ̀sì tí a bá kọ́ dáadáa lè yẹ ọmọ wò, kó tọ́jú àwọn àìsàn tó wọ́pọ̀, kó fún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára, kó sì bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ àti ìfètò-sọ́mọ-bíbí, kí dókítà má sì wọ̀ ọ́ àyàfi bí ó bá le. Ohun tí a ń rí lórí bẹ́ǹṣì ní Festac lónìí fẹ́ràn láti fara jọ Gbájà.

A dárúkọ Festac. Ìlú náà àti ìdílé Kútì ní ìtàn kan tó pa wọ́n pọ̀. Wọ́n kọ́ Festac Town láti gba àwọn àlejò tó wá sí àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù January 1977 tó sì parí ní ọjọ́ 12 oṣù February. Fẹlá kọ̀ láti bá ìjọba ṣe àjọ̀dún náà. Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn tí wọ́n parí rẹ̀, àwọn ṣọ́jà ya bo ilé Fẹlá, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì ju ìyá wọn láti ojú fèrèsé òkè sílẹ̀. Ìyá náà kú ní oṣù April ọdún 1978. Wọ́n fi ìbò pín àwọn ilé Festac fún àwọn ará ìlú lẹ́yìn náà. Ìlú tó ní omi ẹ̀rọ, tó ní gọ́tà, tó ní ojú pópó tí wọ́n fi nọ́mbà sí ni wọ́n kó wọ̀ nígbà náà. Ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀ lónìí mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí omi ẹ̀rọ àti gọ́tà yẹn, ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé kò sì jìnnà sí ibi tí gọ́tà bá ti dí.

Ní 1985, ìjọba ológun ti Bùhárí fòfin de ẹgbẹ́ àwọn dókítà nítorí ìyanṣẹ́lódì, wọ́n sì ti Bẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olórí ẹgbẹ́ náà mọ́lé. Oṣù August ọdún náà ni Bàbáńgídá gbàjọba, ó sì fi Olíkóyè ṣe mínísítà fún ètò ìlera. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló yà lẹ́nu pé ó gbà. Ọmọ obìnrin tí àwọn ṣọ́jà jù láti ojú fèrèsé, ẹ̀gbọ́n Fẹlá, kí ló wá dé tó fi ń bá ológun jókòó? Ní 1992 pàápàá, nígbà tí Olíkóyè ṣì wà lórí àga mínísítà, ìjọba tó ń bá ṣiṣẹ́ tún mú Bẹ́kọ̀ọ́ nítorí ìjà fún ìjọba alágbádá. A kò ní ṣe bí ẹni tí kò rí èyí. Ohun tí a lè sọ ni pé ó lo àga náà fún ohun kan ṣoṣo tó wá ṣe, àwọn mínísítà tó lo àga wọn bẹ́ẹ̀ kò sì pọ̀.

Ní 1986, ó mú ìjọba ìbílẹ̀ 52 káàkiri orílẹ̀-èdè láti fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìlera alábọ́dé di iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ilé ìwòsàn gbogbogbòò di ti ìpínlẹ̀, àwọn ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì sì wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ìlànà ètò ìlera àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní lódindi jáde ní 1988. Ètò àjẹsára gbòòrò. Nígbà tó di 1990, ìjọba kéde pé àwọn ti dé ọ̀dọ̀ 80 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ. Iye yẹn dùn létí, ṣùgbọ́n ìwádìí tí wọ́n ṣe láti ilé dé ilé ní ọdún kan náà rí i pé àwọn tó gba gbogbo abẹ́rẹ́ wọn pé kò ju bí 30 lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀nà ṣì jìn. Síbẹ̀, èyí tó ga jù tí orílẹ̀-èdè yìí ti dé nìyẹn ní àkókò náà. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fún un ní ẹ̀bùn Léon Bernard ní 1986, UNICEF sì fún un ní ẹ̀bùn Maurice Pate ní 1990.

Omi oníyọ̀ àti ṣúgà ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi rántí rẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń pa ọmọ, omi ara tó ń bá a jáde ni. Bí omi bá tán lára, àwùjẹ̀ orí ọmọ á jìn, ojú rẹ̀ á wọnú, ẹnu rẹ̀ á gbẹ, yóò sunkún kí omijé má jáde, ìtọ̀ rẹ̀ á dín kù, ìyẹn sì lè ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ṣúgà díẹ̀ ló máa ń ran iyọ̀ àti omi lọ́wọ́ láti gba ara ìfun wọlé. Ìdí nìyẹn tí omi lásán kò fi tó, tí iyọ̀ nìkan náà kò sì tó. Òṣùwọ̀n tí wọ́n kọ́ àwọn ìyá lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni omi mímọ́ ìgò mínírà méjì, ṣúgà onígun márùn-ún, àti iyọ̀ ṣíbí kékeré kan tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká fi ìkìlọ̀ kan bọ̀ ọ́ níbí. Ìgò mínírà ìgbà náà, sẹ̀ńtílítà 30 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ike mínírà tí à ń rà ní Mile 2 lónìí kì í ṣe bákan náà mọ́, òmíràn jẹ́ 35, òmíràn 50, ṣúgà onígun náà sì ti di ọ̀wọ́n lọ́jà. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù lè ṣe ọmọ ní jàǹbá. Èyí tó dára jù ni ORS inú ọ̀rá tí wọ́n ń fúnni ní ilé ìwòsàn alábọ́dé tàbí tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, kí a sì lo iye omi tí wọ́n kọ sára ọ̀rá gan-an. Wọ́n á tún fún ọmọ ní oògùn zinc fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Èyí kò tíì sí nínú ètò nígbà ayé Olíkóyè gẹ́gẹ́ bí mínísítà. Kí ìyá má ṣe dá ọmú tàbí oúnjẹ dúró. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ ọmọ, tàbí tí kò lè mu nǹkan kan, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ kíákíá.

Lórí ọ̀rọ̀ ọmú, ó rí ìjà tirẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ oníwàrà ti wọ inú ilé ìgbẹ̀bí, wọ́n ń pín agolo ọ̀fẹ́ fún àwọn ìyá tuntun, ọ̀pọ̀ sì gbà pé agolo ni ti ọ̀làjú. Agolo yẹn kì í pa ọmọ bí omi rẹ̀ bá mọ́ tí owó rẹ̀ sì wà. Ṣùgbọ́n bí owó bá fà sẹ́yìn, ìyá á bù ú kéré, á fi omi là á, á sì fi ìgò tí kò sè bọ ọmọ lẹ́nu. Ní 1990, lábẹ́ Olíkóyè, òfin jáde tó dá àwọn tó ń ta wàrà ọmọdé lọ́wọ́ kọ́ láti máa polówó rẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Wọ́n sì ń kọ́ àwọn ìyá pé ọmú nìkan tó fún ọmọ ní àwọn oṣù àkọ́kọ́. Lónìí, oṣù mẹ́fà gbáko ni wọ́n ń sọ, láìsí omi, láìsí àgbo.

Àwọn ìyá àgbà wa ni wọ́n kọ́kọ́ kọ̀. Ọmọ Yorùbá wo ni a kì í rọ? Wọ́n á gbé ọmọ lé itan, wọ́n á tẹ ọwọ́ sẹ́nu rẹ̀, wọ́n á rọ ọ́ lágbo tàbí omi ògì títí á fi máa hó. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é, ṣùgbọ́n inú rírọ yẹn ni ọ̀pọ̀ òtútù àyà àti ìgbẹ́ gbuuru ti ń bẹ̀rẹ̀. Fún àwa Mùsùlùmí, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ọmú rọrùn láti gbà ju bó ṣe rọrùn fún ẹnikẹ́ni lọ. Nínú Súúrátùl Bákọrà, áyà 233, Ọlọ́hun sọ nípa ọdún méjì gbáko fún ẹni tó bá fẹ́ parí rẹ̀, Ó sì fi oúnjẹ àti aṣọ ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú sí ọrùn bàbá. Apá kejì yìí ni àwọn kan nínú àwa ọkùnrin máa ń gbójú fò. Obìnrin tí ebi ń pa, tí ó jí lọ sí Trade Fair ní aago mẹ́fà àárọ̀ tí ó sì dé lẹ́yìn ìṣáà, kò lè fi ọmú nìkan tọ́mọ fóṣù mẹ́fà, bí ó ti wù kí nọ́ọ̀sì kọrin tó. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ obìnrin rẹ̀ ní ìsinmi oṣù mẹ́fà lórí ọmọ ní 2014, ó sì fún àwọn bàbá ní ọjọ́ mẹ́wàá. Ìyá tó ń tajà kò rí irú rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àfi lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Nínú ìwádìí orílẹ̀-èdè ti 2018, ọmọ 29 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ń mu ọmú nìkan ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́.

Àríyànjiyàn tí a sọ pé a ó dé ibẹ̀ nìyí. Ní 1988, ìjọba gbé ètò iye ènìyàn jáde, ó gba àwọn obìnrin níyànjú pé kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má bí ju ọmọ mẹ́rin lọ. Kì í ṣe òfin tí wọ́n lè torí ẹ̀ ti ènìyàn mọ́lé, ìmọ̀ràn ni. Ṣùgbọ́n ariwo sọ. Àwọn àáfà wa sọ pé Ọlọ́hun ló ń pèsè, pé ẹnìkan kò gbọdọ̀ bá ẹlòmíràn ka ọmọ. Àwọn Kátólíìkì náà kọ̀ ọ́. Àwọn ẹgbẹ́ obìnrin bínú fún ìdí mìíràn: orí obìnrin ni wọ́n ka iye náà sí, ọkùnrin oníyàwó mẹ́rin lè bí mẹ́rìndínlógún kó sì wà nínú ètò. Ní tiwa, a kò rí ìdí tí ìjọba fi ní láti dá nọ́mbà fún ẹbí. Ṣùgbọ́n ìfètò-sọ́mọ-bíbí, kí ìyá sinmi láàárín ọmọ kan sí èkejì, kò jìnnà sí ọdún méjì ọmú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mẹ́nu bà, àwọn Sọ̀hábà pàápàá sì mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é nígbà ayé Ànábì. Olíkóyè rí i gẹ́gẹ́ bí dókítà: ọmọ tí oyún tètè já gbà lẹ́nu ọmú ni ìta àti àìjẹunre máa ń tètè mú. Bí wọ́n bá gbé e wá láti ọ̀nà yẹn, láìsí nọ́mbà, a rò pé ariwo náà ì bá dín kù.

Ó dá àjọ tó ń mójú tó ìlera alábọ́dé sílẹ̀ kó tó lọ, òun náà sì ṣe alága rẹ̀. Lẹ́yìn tó kúrò ní ìjọba, ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ní Báńkì Àgbáyé. Nílé, ohun tó fi sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó àjórẹ̀yìn. Abẹ́rẹ́ kò dé, fíríìjì bàjẹ́, owó kò jáde.

Ní ọjọ́ 2 oṣù August 1997, Fẹlá kú. Ní ọjọ́ kejì, Olíkóyè pe àwọn akọ̀ròyìn, ó sì sọ fún gbogbo ayé pé àrùn AIDS ló pa àbúrò òun. Nígbà yẹn, kò sí ẹbí tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní ibà ni, tàbí pé ayé ni. Ìdílé tó lókìkí tó bẹ́ẹ̀ lè fi ìtìjú bò ó kò sì sí ẹni tí yóò bi wọ́n. Ṣùgbọ́n dókítà náà mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ tí ń jó orin Fẹlá ni àrùn náà ń wá kiri, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbà pé irọ́ òyìnbó ni. Àwọn kan bínú sí i nítorí ọ̀rọ̀ yẹn títí dòní. Àwa kò bá wọn bínú. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí òbí rẹ̀ kò bá sọ òtítọ́ fún nípa ara rẹ̀ yóò gbọ́ irọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Olíkóyè kú ní London ní ọjọ́ 1 oṣù June ọdún 2003, ó jẹ́ ẹni ọdún 75. Ìwádìí orílẹ̀-èdè ti ọdún yẹn rí i pé ọmọ 13 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ wọn pé, àti pé nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ tí wọ́n bí, 201 kò ní pé ọdún márùn-ún.

Kò pé oṣù mélòó kan lẹ́yìn ikú rẹ̀ tí Kánò àti àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Òkè Ọya dá oògùn rọpárọsẹ̀ dúró. Wọ́n ní nǹkan wà nínú rẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin bímọ. Ìfura náà kò ṣẹ̀dá ara rẹ̀. Ní 1996, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn yírùnyírùn wà ní Kánò, ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn tuntun kan wò lára àwọn ọmọdé níbẹ̀, àwọn kan kú, ọ̀rọ̀ sì dé kóòtù. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, ìdin á máa bà á lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ọmọ ni ó jẹ ìyà rẹ̀. Kánò kò padà sẹ́nu oògùn títí di 2004, wọ́n gba èyí tí wọ́n ṣe ní Indonesia nítorí pé orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí ni. Àrùn náà sì ti rìn lọ láti àríwá Nàìjíríà sí orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà, ó kọjá sí ilẹ̀ Lárúbáwá, ní 2005 ó dé Indonesia fúnra rẹ̀, níbi tí kò ti sí i fún ọdún púpọ̀. Ọmọ Mùsùlùmí ló rọ níbẹ̀ bó ṣe rọ ní Kánò. Ó tún gba iṣẹ́ ńlá, àwọn àáfà àti ọba Òkè Ọya sì wà níbẹ̀, kó tó di ọjọ́ 25 oṣù August 2020 tí wọ́n kéde pé rọpárọsẹ̀ inú ẹgàn ti tán ní Áfíríkà. Oríṣi mìíràn tí ó máa ń yọjú níbi tí ọmọ tí kò gba oògùn bá ti pọ̀ ṣì ń dà wá láàmú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n ṣì fi ń kan ilẹ̀kùn yín.

Ó yẹ ká rántí pé kì í ṣe òyìnbó ló kọ́kọ́ kọ ìwé tó ya ìgbóná sọ́tọ̀ kúrò lára ìta. Ar-Rāzī, dókítà Mùsùlùmí tó ṣiṣẹ́ ní Rayy àti ní Bàgídáàdì, ló kọ ọ́ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún àti ọgọ́rùn-ún sẹ́yìn.

Ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin lónìí, ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ tí Ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ wà níbẹ̀ fún ohun tó bá le, àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé sì wà ní àdúgbò. Ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ yìí kì í ṣe Festac nìkan. Tòmáró àti Ìbẹ̀ṣẹ̀ wà láàárín omi, ọkọ̀ ojú omi ni ìyá á wọ̀ bó bá di dandan kó gbé ọmọ tí gìrì mú kọjá sí òkè ilẹ̀ lóru. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ Olíkóyè nípa ilé ìwòsàn tí ìyá lè fẹsẹ̀ rìn dé ṣì dúró sí. Ìwádìí 2018 fi hàn pé àwọn ọmọ tí kì í pé ọdún márùn-ún ti dín sí 132 nínú ẹgbẹ̀rún jákèjádò orílẹ̀-èdè, àwọn tó gba abẹ́rẹ́ pé sì tó 31 nínú ọgọ́rùn-ún. Iye tó wà níbẹ̀ ní 1990 la ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé nígbà náà.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọmọ ọwọ́, ọjọ́ ìbí ni abẹ́rẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá àti ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá. Ti ìta, ẹ̀ẹ̀mejì ni: oṣù mẹ́sàn-án àti oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ìyá máa ń gbàgbé, nítorí ọmọ ti ń rìn nígbà yẹn, káàdì sì ti sọnù. Ẹ tọ́jú káàdì náà síbi tí ẹ tọ́jú ìwé ilé sí. Àwọn ọmọbìnrin tó wà láàárín ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá náà ní tiwọn báyìí. Láti ọjọ́ 24 oṣù October 2023 ni Èkó ti wà lára àwọn ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tó ń fún wọn ní abẹ́rẹ́ tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gbà á, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ní Kánò ní 2003, pé kò ní jẹ́ kí ọmọbìnrin bímọ, ti ń lọ láti fóònù dé fóònù nípa eléyìí náà. Ẹ gbé ìbéèrè yín lọ bá nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn alábọ́dé tó súnmọ́ yín, kí ẹ sì mú ọmọ náà dání.